CD ni àbí kọ̀ǹpútà? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún olólùfẹ́ orin ní Ìkòròdú

Láti Sábó títí dé Ìgbógbó, ìbéèrè kan náà ni àwọn olólùfẹ́ orin ń bi mí. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tó bá nílò wọn lè rí wọn kà. Àwọn tó rọrùn ló ṣíwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìdí ọ̀rọ̀, ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀.

Kí ló wà lára CD gan-an?

Nọ́ńbà ni. Nígbà tí wọ́n ń gba orin sílẹ̀, ẹ̀rọ ń wọn ìró náà nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, fún etí òsì àti etí ọ̀tún. Iye yẹn ní ìdí. Ìró tó ga jù tí etí èèyàn lè gbọ́ ń gbọ̀n nígbà bí 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Philips àti Sony ló jọ fẹnu kò lórí èyí ní 1980, CD sì dé ọjà ní Jàpáánù ní oṣù kẹwàá 1982.

Ihò kéékèèké ni wọ́n fi kọ àwọn nọ́ńbà yìí sára àwo náà, láti àárín lọ sí etí, iná léésà ló sì ń kà wọ́n. Nítorí náà, CD àti fáìlì orin inú kọ̀ǹpútà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Inú ohun tí wọ́n kó nọ́ńbà sí ló yàtọ̀.

Èwo ló dùn jù, ẹ̀rọ CD olówó ńlá àbí kọ̀ǹpútà?

Bí a bá ka nọ́ńbà CD náà jáde láìsí àṣìṣe, tí ohun tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn sì dára lápá méjèèjì, mi ò tíì rí ẹni tó fi etí nìkan dá wọn mọ̀ níwájú mi. Ohun tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn yẹn là ń pè ní DAC. Ẹ̀rọ CD ní tirẹ̀ nínú. Laptop náà ní tirẹ̀, àmọ́ owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ná lé e lórí, wọ́n á sì há a mọ́ àárín àwọn nǹkan oníná tó ń pariwo. Ẹ ra DAC kékeré tó ń wọ ihò USB, ẹ jẹ́ kó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ laptop.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, kọ̀ǹpútà ni màá ní kó gbé. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ CD tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kó má tà á.

Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Sípíkà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sípíkà kan àti òmíràn, ọmọ ọdún márùn-ún lè gbọ́ ọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín DAC gidi méjì, ẹ óò jókòó tì í, ẹ óò dijú, síbẹ̀ ó lè má dá yín lójú. Ó ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ta ilẹ̀ ra ẹ̀rọ CD, tó wá so ó mọ́ sípíkà tí aṣọ iwájú rẹ̀ ti ya.

Lẹ́yìn sípíkà, ẹ wo yàrá. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ wa, táìsì ni ilẹ̀ rẹ̀, ògiri rẹ̀ sì wà ní òfìfo. Ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín pálọ̀ yín. Bí ẹ bá gbọ́ tí àtẹ́wọ́ náà ń dún "tìn-ìn-ìn" lẹ́yìn tí ọwọ́ yín ti dúró, orin náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì, ẹ ta kọ́tìnnì tó nípọn, ẹ fa sípíkà kúrò lára ògiri díẹ̀. Owó rọ́ọ̀gì ò tó owó DAC, iṣẹ́ tó sì máa ń ṣe pọ̀ jù ú lọ.

CD tí mo rà ní orin 120 lórí. Ṣé CD gidi náà nìyẹn?

Rárá o. CD orin gidi kì í gbà ju ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, orin orí rẹ̀ ò sì lè ju 99 lọ. Bí wọ́n bá kọ wákàtí mẹ́jọ sára rẹ̀, MP3 ni wọ́n kó sórí rẹ̀. Ẹ tún yí abẹ́ rẹ̀ wò. Èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ máa ń dán bí fàdákà. Èyí tí ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà dà kọ sábà máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró díẹ̀, aró náà sì máa ń ṣá bí oòrùn bá ń pa á. Ẹni tó kó wọn sí orí dáṣíbọọ̀dù mọ́tò á ti rí i.

MP3 ń gé lára ohùn kí fáìlì lè kéré. CD ń lo kílóbíìtì 1,411 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. MP3 tó wọ́pọ̀ lórí irú àwo bẹ́ẹ̀ ń lo 128. Bí i kí wọ́n fún yín ní búrẹ́dì kan nínú mọ́kànlá ni. Orí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ ọ́n. Lórí CD gidi, ẹ óò gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń já lu ara igbá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Lórí MP3 128, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, á di "ṣẹ́ẹ́ẹ́" kan ṣoṣo, bí àkàrà tó wà nínú epo gbígbóná.

FLAC wá ńkọ́?

Ẹ wo agbádá tí ẹ ká sínú àpótí. Ó ti kéré, kò gba àyè mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú u, kò sí fọ́nrán òwú kan tó dín. Irú fáìlì orin tó ń jẹ́ FLAC nìyẹn. MP3 ni ẹni tó gé apá agbádá náà kí àpótí lè pa dé.

FLAC jáde ní 2001, ọ̀fẹ́ ni. CD oníwákàtí kan tó jẹ́ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 635 sábà máa ń di bí 350 nínú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún CD lè wọ inú fúláàṣì 64GB, kí àyè ṣì ṣẹ́kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Apple, ALAC ni tiyín, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹ má ṣe sọ MP3 di FLAC kí ẹ wá máa retí ìyanu. Ohun tí wọ́n ti gé dànù kì í hù padà. Àwọn kan ń ta irú rẹ̀ fún èèyàn. Bí ẹ bá fura, ẹ fi ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ Spek ṣí fáìlì náà: á ya àwòrán ìró rẹ̀ síta. Bí àwòrán náà bá ṣú dẹ̀dẹ̀ láti 16,000 sókè, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, MP3 tó wọ aṣọ FLAC ló ṣeé ṣe kó jẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa kó CD mi sínú kọ̀ǹpútà láìsí àṣìṣe?

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa ṣe é, ẹ óò sì máa gbọ́ ọ títí ayé. Laptop tuntun kì í sábà ní ihò CD mọ́, nítorí náà ẹ ra èyí tó ń wọ USB. Lórí Windows, ètò tí mò ń lò ni Exact Audio Copy. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lò ó nílé. Bí ibì kan lórí àwo ò bá dá a lójú, á padà síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà títí ohun tó ń kà á fi bára mu. Lẹ́yìn náà, á fi èsì yín wé ti àwọn tó ti kó irú CD yẹn rí, nínú àkójọ tó ń jẹ́ AccurateRip.

CD tí ẹlòmíràn ò tíì kó rí kì í sí nínú àkójọ yẹn, mo sì ń bá èyí pàdé lára CD fújì àti àpàlà tiwa. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n ní kó ka orin náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn kíkà kọ̀ọ̀kan, á kọ àmì mẹ́jọ tó jẹ́ léètà àti nọ́ńbà síwájú orin náà, irú bíi A3F09C1E. Bí àmì àkọ́kọ́ àti ìkejì bá jẹ́ ọ̀kan náà láìyẹ ẹyọ kan, mo gbà á. Bí wọ́n bá yàtọ̀, mo yọ àwo náà, mo nù ún, mo tún un ṣe.

Laptop tí bátìrì rẹ̀ lágbára ni kí ẹ fi ṣe é. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ óò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè ba hard disk jẹ́.

Ẹ tún fi orúkọ síbẹ̀ dáadáa. Ẹ yan ọ̀nà kan láti kọ orúkọ olórin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má yí i padà. Bí ẹ bá kọ Àyìndé lónìí, tí ẹ kọ Ayinde lọ́la, tí ẹ kọ Alh. Ayinde lọ́tùnla, kọ̀ǹpútà á kà á sí èèyàn mẹ́ta, ẹ óò sì máa wá orin tó wà nílé yín.

CD mi ti họ. Ṣé ó ṣì ṣeé gbà là?

Ojú ibo ló ti họ? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣọ́ abẹ́, wọ́n á wá da ojú tó ní àwòrán dé orí tábìlì. Òdì kejì ló yẹ kó jẹ́. Abẹ́ ní ike tó tó mìlímítà kan lé díẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Lókè, ọ̀dà tín-ín-rín nìkan ló bo ibi tó ń dán tí léésà ń wò. Bí ìyẹn bá bó, nọ́ńbà ti bá a lọ nìyẹn, kò sí oníṣẹ́ tó lè dá a padà.

Tó bá jẹ́ abẹ́ ló họ díẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ nù ún, láti àárín lọ sí etí gbọnrangandan. Ẹ má nù ún yípo. Ìlà tó bá gba ọ̀nà kan náà tí nọ́ńbà gbà ló ń pa á lára jù, nítorí ó máa ń bo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló dé tí CD kan ń fò lórí ẹ̀rọ, tí kọ̀ǹpútà sì ń kó o wọlé pátápátá?

Àkókò ni. Orin ń lọ lórí ẹ̀rọ CD, kò lè sọ fún yín pé kí ẹ dúró kí òun padà lọ wo ibì kan. Wọ́n ti fi àfikún nọ́ńbà sára CD fún àtúnṣe, débi pé ojú ọgbẹ́ tó gùn tó bí mìlímítà méjì àbọ̀ lè wà níbẹ̀ kí ẹ má gbọ́ àléébù kankan. Bí ó bá ju ìyẹn lọ, ẹ̀rọ á méfò tàbí kó fò. Kọ̀ǹpútà tó ń kó CD wọlé ò ní ẹni tó ń lé e. Àwo kan wà tó gbà mí ní ogójì ìṣẹ́jú lórí orin kan ṣoṣo, àmì mẹ́jọ náà sì bára mu níkẹyìn.

Ṣé fóònù mi ò lè ṣe é?

Ó lè ṣe é. Ẹ so DAC kékeré mọ́ ihò tí ẹ fi ń ṣájì, ẹ ti ibẹ̀ so ó mọ́ ampilifáyà. Ohun tí mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ni Bluetooth fún ìgbọ́ tó jinlẹ̀, nítorí òun náà ń fún ohùn pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Kí ẹ ní FLAC, kí ẹ wá gba Bluetooth gbé e, bí ẹni ká agbádá dáadáa tó tún gé e lẹ́nu ọ̀nà ni.

Orin tí à ń fi dátà gbọ́ ńkọ́?

YouTube ń fún ohùn pọ̀. Apple Music ti ń fúnni ní èyí tí wọn ò gé láti oṣù kẹfà 2021, láìgba owó lé e. Àmọ́ wákàtí kan rẹ̀ lè jẹ dátà tó mẹ́gábáìtì 350 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣírò rẹ̀ fún oṣù kan. Lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣe wéré, orin inú hard disk yín ò ní mọ̀.

Laptop mi ń kùn nínú sípíkà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ so laptop mọ́ ampilifáyà, nǹkan kan ń kùn "ùùùn" lábẹ́ orin, tí mo bá sì mi máòsì, á tún máa ké "síì-síì" tẹ̀lé ọwọ́ mi. Mo pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní kí n lọ ra ampilifáyà tuntun. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi fa ṣájà laptop yọ kó lè fi ihò iná yẹn lọ aṣọ, gbogbo ariwo náà sì dákẹ́ wẹ́lo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé laptop tó wà lórí ṣájà àti ampilifáyà ti so kọ́ra lọ́nà méjì: nípasẹ̀ wáyà orin, àti nípasẹ̀ iná ilé. Iná ń gba àyíká yẹn kiri, ẹ óò sì máa gbọ́ ọ nínú sípíkà. Ibi tí earth ilé (wáyà tó so iná ilé mọ́ ilẹ̀) ò bá dára, tó sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó máa ń le jù.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà, ẹ gbọ́ ọ lórí bátìrì. Bí ó bá dákẹ́, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Ẹ so laptop àti ampilifáyà mọ́ ihò iná kan náà. Bí DAC yín bá ní ihò fún wáyà oníìmọ́lẹ̀ (optical), èyí tí ìmọ́lẹ̀ pupa ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ lò ó bí ohun tó ń fún un lórin bá ní irú rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń gbà á kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ge ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì yín kí ariwo lè dákẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gba ẹ̀mí là.

Bí mo bá bọ́ sórí inverter, ampilifáyà á máa kùn. Kí ló fà á?

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára inverter náà. Bí ó bá jẹ́ modified sine wave, iná rẹ̀ ń fò bí àtẹ̀gùn, kò rọra lọ sókè sódò bí iná ọba; ìdí nìyẹn tí tiráńsífọ́mà inú ampilifáyà fi ń gbọ̀n. Pure sine wave ni kí ẹ rà bí agbára bá wà. Bí kò bá sí, DAC tó ń gba iná lára laptop àti sípíkà kékeré oníbátìrì á gbà yín títí iná á fi dé.

Ẹni tí iná inverter ń ká lára lè lo Raspberry Pi dípò laptop. Kọ̀ǹpútà kékeré bí àtẹ́lẹwọ́ ni, volt 5 ló ń lò, agbára tó ń jẹ ò ju ti gílóòbù kékeré kan lọ, ẹ óò sì máa fi fóònù darí rẹ̀.

Mo rí ẹ̀rọ CD tòkunbọ̀ kan tó dára. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó wo iwájú. Bí wọ́n bá kọ 100V, láti Jàpáánù ló ti wá; 120V, láti Amẹ́ríkà. Iná tiwa jẹ́ 230V. Ẹni tó bá kì í bọ ihò ògiri báyìí, á gbóòórùn rẹ̀ kó tó gbọ́ orin. Stepdown, ẹ̀rọ tó ń dín volt iná kù, ni yóò nílò, ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ ń ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú CD méjì lọ: ọ̀kan tuntun, ọ̀kan tó họ díẹ̀. Ẹ gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ àti orin ìkẹyìn, torí léésà tó ti ń rẹ̀ lè ka àárín kó sì kọsẹ̀ ní etí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àwo rẹ̀, ẹ tì í, nígbà mẹ́wàá. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé léésà irú rẹ̀ ṣì wà lọ́jà àbí kò sí. Ọ̀pọ̀ léésà ẹ̀rọ àwọn ọdún 1990 ni wọn kì í ṣe mọ́, bí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá sì kú, ẹ̀rọ olówó ńlá ti di àpótí nìyẹn. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n dẹ́kun fífi owó ńlá ra ẹ̀rọ CD.

Nígbà ọyẹ́, ẹ̀rọ CD mi kì í fẹ́ ka àwo. Kí ni kí n ṣe?

Eruku ti bo ojú léésà ni. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ ṣí i. Ẹ kán isopropyl (ọtí líle tí a fi ń nu ẹ̀rọ) díẹ̀ sórí òwú tí a fi ń nu etí, kí ẹ fi kan ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, láìtẹ̀ ẹ́. Orí nǹkan tó rọ̀ bí irun ló dúró lé. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó tì í. Ẹ má tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní ṣíṣí kí ẹ wá fi ojú wo léésà náà. Àwa tí a ń gbé nítòsí ọ̀sà tún ní ti ọ̀rinrin, nítorí náà ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ lẹ́yìn tó bá ti tutù.

Orin jùjú àti fújì mi ń já láàárín nígbà tí mo kó o sí kọ̀ǹpútà.

Orin wa kì í dúró. Ojú kan àwo lè lọ tó ogún ìṣẹ́jú kí ìlù má sinmi, olórin á kan ti orin kan bọ́ sínú òmíràn. Lórí CD, wọ́n lè pín in sí ọ̀nà mẹ́fà láìfi òfo kankan sáàárín wọn. MP3 ló máa ń fi òfo díẹ̀ kún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin fáìlì kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni gángan á ti kọsẹ̀. FLAC ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lo foobar2000 tàbí ètò mìíràn tó lè gbá orin pọ̀ láìdúró.

CD àpàlà mi ò dùn tó àwo dúdú bàbá mi. Ṣé ẹ̀rọ mi ni?

Ó lè má jẹ́ ẹ̀rọ yín. Haruna Ishola kú ní 1983, ọdún kan lẹ́yìn tí CD dé ọjà. Fún àwo dúdú ni wọ́n gba orin rẹ̀ sílẹ̀. CD rẹ̀ tí ẹ rà, ẹnì kan ló dà á kọ lẹ́yìn náà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tí ẹni náà ti dà á kọ. Bí ó bá jẹ́ téèpù àkọ́kọ́, agídìgbo á dún nínú àyà yín. Bí ó bá jẹ́ àwo tó ti gbó, ẹ óò gbọ́ "pá, pá, pá" lábẹ́ ohùn olórin, bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Bí ẹ bá gbọ́ ìyẹn lórí CD, àwo dúdú ni wọ́n ti gbà á.

Kò sí DAC tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí àwo bàbá yín bá ṣì mọ́, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ àwo tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tuntun, kó bá yín gbà á sínú kọ̀ǹpútà ní 24-bit (bit ló ń sọ bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó; ti CD jẹ́ 16). Ẹ tètè ṣe é. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ń tán lọ nílé wa, àwọn tó mọ ìtàn ìdí orin náà sì ń kú.

Windows ń bà ohùn jẹ́ lóòótọ́?

Ó lè yí i padà. Windows ń da gbogbo ìró kọ̀ǹpútà pọ̀ sójú kan, títí kan "tíìn" ti lẹ́tà tó wọlé, ó sì ń yí gbogbo wọn sí iye kan tí wọ́n ti yàn fún un, tó sábà máa ń jẹ́ 48,000. Orin CD yín tó jẹ́ 44,100 á wá di ohun tí wọ́n tún ṣírò. Nínú foobar2000, ẹ yan WASAPI exclusive: orin nìkan ni yóò lọ sínú DAC, bó ṣe wà. DAC tó bá gba òfin USB Audio Class 2 kò nílò dírẹ́fà (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn ṣiṣẹ́) mọ́ láti ìgbà Windows 10 ti 2017.

Ṣé kí n wá orin 24-bit 192, èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà 192,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá?

Fún ẹni tó ń gba orin sílẹ̀, ó wúlò gan-an. Fún ìgbọ́, mi ò ní náwó lé e. Nọ́ńbà 16-bit inú CD ti fún wa ní àyè tó bí dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 96 láàárín ìró tó kéré jù àti èyí tó ga jù. Yàrá wo ní Agric ló dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ alájọgbé?

Ní 2007, Meyer àti Moran tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: wọ́n fi SACD àti DVD-Audio, àwọn àwo tí nọ́ńbà wọn ju ti CD lọ, wé ohùn kan náà tí wọ́n ti fún wọ ìwọ̀n CD. Nínú ìgbà 554, ìgbà 276 ni àwọn olùgbọ́ dá wọn mọ̀, bí ẹni tó ń ju owó sókè. Ní 2016, Joshua Reiss ti yunifásítì Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù kó àwọn ìwádìí 18 jọ, ó rí i pé wọ́n dá wọn mọ̀ nígbà tó lé díẹ̀ ní 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan kan wà níbẹ̀, àmọ́ ó kéré ju ohun tí rọ́ọ̀gì yín lè ṣe.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ní jitter, pé ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ CD fi dára jù.

Ẹni tó mọ ìlù mọ̀ pé agogo ló ń di orin mú. Bí alágogo bá ń yára díẹ̀, tó tún ń falẹ̀ díẹ̀, gbogbo onílù á daarú. Jitter ni agogo tó ń gbọ̀n: nọ́ńbà pé, ṣùgbọ́n wọn ò dé lákòókò tó dọ́gba. Ní àwọn ọdún tí USB ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kọ̀ǹpútà ló ń lu agogo náà fún ọ̀pọ̀ DAC, ẹ̀sùn yẹn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Lóde òní, DAC tí wọ́n ń pè ní asynchronous ló mú agogo lọ́wọ́. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó mú nọ́ńbà wá; á kó wọn jọ díẹ̀, á sì máa tú wọn jáde ní àkókò tirẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yẹn lára páálí kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀rọ CD náà ní agogo tirẹ̀, èyí tí kò dára sì wà nínú wọn.

Ẹ̀rọ CD ọ̀rẹ́ mi dùn ju kọ̀ǹpútà mi lọ. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Mo gbà pé ẹ gbọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀rọ CD sábà máa ń tú volt 2 jáde. Ihò etí ọ̀pọ̀ laptop ò dé ibẹ̀. Láìfọwọ́ kan ampilifáyà, ti CD á lọ sókè díẹ̀, etí èèyàn sì máa ń pe èyí tó lọ sókè díẹ̀ ní èyí tó dùn, kódà bí kò bá mọ̀ pé ó lọ sókè.

Ẹ gbé méjèèjì síbi kan. Ẹ fi ètò tó ń wọn ariwo lórí fóònù mú wọn dọ́gba níbi tí ẹ jókòó sí, kí ìyàtọ̀ wọn má tó dẹ́síbẹ̀lì kan. Ẹ fi orin kan náà sí méjèèjì, kí wọ́n jọ máa lọ. Ẹ pe ẹnì kan, kó dúró lẹ́yìn yín níbi tí ẹ ò ti ní rí ọwọ́ rẹ̀, kó máa yí bọ́tìnnì ampilifáyà bó ṣe wù ú, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tètè máa yí i, nítorí etí kì í rántí ohùn pẹ́. Ẹ sọ èyí tó ń lọ nígbà mẹ́wàá.

Bí ẹ bá gba 9 nínú 10, ìyàtọ̀ wà, ẹ ra ohun tí ẹ gbọ́. Bí ó bá jẹ́ 5 tàbí 6, ẹ fi owó yẹn ra hard disk kejì, ẹ da gbogbo orin yín kọ sórí rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé àbúrò yín ní Èbúté. Hard disk kan ṣoṣo á kú lọ́jọ́ kan, kì í sì í kọ lẹ́tà kó tó lọ.